Kí Ẹ Tó Forí Lé Ládípọ̀: Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun Tó Ń Ṣe Ẹ́ńjìnì Nissan 350Z

Ọkùnrin kan gbé Nissan 350Z wá bá mi. Bùútù ló kọ́kọ́ ṣí kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kọ́ìlì mẹ́fà, ohun tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì níná, wà níbẹ̀, pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́fà, pọ́ǹpù epo kan àti sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ kan, gbogbo wọn nínú páálí ìdọ̀tí kan. "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo èyí la ti yọ, a sì ti ra òmíràn sí i. Ọkọ̀ yìí ò tíì jáwọ́ nínú jẹ́ẹ̀kì." Bó bá rọra tẹ iná, ìyẹn ibi tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, ọkọ̀ á máa lọ jẹ́jẹ́. Bó bá wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti ya tírélà sílẹ̀ lórí Long Bridge, á lọ́ tìkọ̀, á gbọ̀n rìrì, kó tó di pé ó tún gbéra. Mẹkáníìkì mẹ́ta ló ti dá ẹjọ́ rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ dá kọ́ìlì lẹ́bi, ẹnì kejì dá pọ́ǹpù lẹ́bi, ẹnì kẹta ní brain box, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ni, kó tètè lọ wá owó. Kò sí ìkankan nínú wọn tó fi mítà kan ohunkóhun. Owó tó ti bá iṣẹ́ yẹn lọ tó ra ọ̀kadà.

Ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà kéré gan-an, a máa débẹ̀. Ọ̀nà tí a gbà dé ibẹ̀ ni mo fẹ́ tò sílẹ̀, nítorí ọ̀nà kan náà ni mo máa ń gbà lórí ọkọ̀ asáré yòówù tí wọ́n bá gbé wá. 350Z ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa, mo sì mọ inú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹ́ńjìnì tó wà níwájú yín

350Z ti 2003 sí 2006 ń lo ẹ́ńjìnì VQ35DE. Láti 2007 ni wọ́n ti gbé VQ35HR sí i. Méjèèjì jẹ́ lítà 3.5, méjèèjì ní sìlíńdà mẹ́fà tó ya sí méjì bíi lẹ́tà V, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ wo ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, DE ni. Bó bá jẹ́ méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, HR ni, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló sì ní sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ tirẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí máa wúlò níwájú.

Ẹ jókòó sínú ọkọ̀ kí ẹ kọjú síwájú: sìlíńdà 1, 3 àti 5 wà lápá ọ̀tún yín, 2, 4 àti 6 wà lápá òsì. Apá ọ̀tún ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń pè ní Bank 1, apá òsì ni Bank 2. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ọjọ́ kan gbáko ṣiṣẹ́ lápá òsì nígbà tí kóòdù, àmì àléébù tí kọ̀ǹpútà ń kọ sílẹ̀, ń pariwo nípa apá ọ̀tún.

Infiniti FX35 ti 2003 sí 2008 àti G35 ti 2003 sí 2006 náà gbé VQ35DE, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ páàtì 350Z tí ẹ máa rí ní Ládípọ̀, ọjà páàtì ọkọ̀ ní Èkó, fi jẹ́ èyí tí wọ́n tú lára FX. Kò burú. Ohun tó burú ni kí ẹ rà á kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ nílò rẹ̀.

Ohun èlò

Kò pọ̀. Ẹ nílò síkánà tó lè fi nọ́ńbà hàn bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kì í ṣe èyí tó kàn ń ka kóòdù tó sì ń pa á rẹ́. Èyí tó kéré bí orí ìka, tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ nípa Bluetooth, tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ihò rẹ̀ wà lábẹ́ sítíárì, ojú ihò mẹ́rìndínlógún ló ní. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Ẹ wá mítà oníná tó dára, géèjì tí a fi ń wọn kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n (bí sìlíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó), géèjì epo, àti ìwé kékeré pẹ̀lú bírò. Ẹ má fi bírò yẹn ṣeré. Nọ́ńbà tí ẹ ò bá kọ sílẹ̀, tó bá máa fi di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin fúnra yín á ti yí i padà kó lè bá èrò ọkàn yín mu.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fọ̀rọ̀ wá ẹni tó ń wà á lẹ́nu wò

Ìgbà wo ló ń ṣe é? Ṣé bí ẹ́ńjìnì bá tutù ni àbí bó bá ti gbóná? Ṣé lórí síló ni, nígbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan, àbí nígbà tí ẹ bá tẹ iná? Ṣé epo ti ń lọ sílẹ̀ nínú táǹkì? Ṣé òjò ti rọ̀ ni? Ẹ má jẹ́ kó dáhùn pé "ó kàn ń ṣe ráńpẹ́ ni". Ẹ ní kó wa ọkọ̀ náà, kí ẹ jókòó tì í, kí ó ṣe ohun tó ń sọ níwájú yín. Àìsàn tí ẹ ò bá fojú rí, ẹ ò ní mọ ọjọ́ tó lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá bi í ní èyí tí mo ka sí jù: kí ni wọ́n ṣe sí ọkọ̀ yìí kẹ́yìn kí ìṣòro tó bẹ̀rẹ̀? Oní-350Z tí mo ń sọ yìí da ọwọ́ nù. "Kò sí nǹkan gidi kan o. Fítà afẹ́fẹ́ la kàn pààrọ̀." Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mi ò sọ nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ kejì: ojú, etí, imú

Ẹ́ńjìnì tútù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó, ẹ wo omi rédíétọ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ ṣí ìdérí rédíétọ̀ tí ẹ́ńjìnì bá gbóná, omi náà á tú jáde lójú yín. Ẹ fọwọ́ tọ gbogbo họ́ọ̀sì láti orí dé ìdí, ní pàtàkì lábẹ́, ibi tí ojú kì í dé. Ẹ wo ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan bóyá ó wọlé dáadáa, bóyá eku ti jẹ ẹ́, bóyá rewáyà kan ti gé e tó sì fi sẹ́lótéèpù dì í. Ẹ gbóòórùn epo. Ẹ sítáàtì ọkọ̀ náà kí ẹ gbọ́ bóyá ohun kan ń súfèé "fììì" lẹ́bàá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

Ìdajì iṣẹ́ tí mo ń ṣe ló ń parí níbí yìí. Ó tún jẹ́ ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, torí oníbàárà kì í fẹ́ sanwó fún wíwò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bátìrì àti wáyà ẹ́ẹ̀tì

Kọ̀ǹpútà tí iná rẹ̀ kò dúró ire á máa purọ́, kóòdù tó bá sì kọ kò ṣeé gbára lé. Lórí dáṣíbọ́ọ̀dù 350Z, géèjì kékeré mẹ́ta wà láàárín, ọ̀kan nínú wọn ń ka fóòtì. Ẹ lè máa wò ó bí ẹ ti ń wakọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi dá ẹjọ́. Mítà ni kí ẹ fi sórí bátìrì.

Bí ọkọ̀ bá ti sinmi mọ́jú, bátìrì tó yó yẹ kó fi nǹkan bíi fóòtì 12.6 hàn. Tó bá jẹ́ 12.2, ìdajì ló kù nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń sítáàtì, kò yẹ kó já sísàlẹ̀ 9.6. Bí ẹ́ńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́, kó wà láàárín 13.5 sí 14.7. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹnu mítà kan sí orí òdì bátìrì, ẹ fi èkejì sí ara irin ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀, kí ẹnì kan sítáàtì. Tó bá ju fóòtì 0.5 lọ, wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tó so òdì bátìrì mọ́ ẹ́ńjìnì, ti dípẹtà tàbí ó ti tú. Ẹ há a mọ́, ẹ fi sáńdípépà nù ún, kí ẹ tún un wọ̀n. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n ti pààrọ̀ kíkì sítátà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí bóòtù kan tí kò le.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ka kóòdù, ẹ má pa á rẹ́

Àṣà kan wà tí mi ò fẹ́ràn. Rewáyà dé, ó fa orí bátìrì yọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iná check engine kú, ó gba owó ó lọ. Ohun tó pa rẹ́ kì í ṣe iná nìkan. Kọ̀ǹpútà náà máa ń ya bí àwòrán ìṣẹ́jú àáyá tí kóòdù ṣẹlẹ̀: bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí sí, bó ṣe gbóná tó, bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, bí ẹsẹ̀ ṣe tẹ iná tó. Freeze frame ni síkánà ń pè é. Bí ẹ bá fa orí bátìrì, àwòrán yẹn lọ, ẹ̀rí lọ. Ẹ kọ kóòdù sílẹ̀, ẹ kọ freeze frame sílẹ̀, kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn.

350Z ọkùnrin yẹn ní kóòdù méjì: P0171 àti P0174. Ìkíní ní epo kò tó afẹ́fẹ́ lápá ọ̀tún, ìkejì ní bákan náà lápá òsì. Freeze frame ní ẹ́ńjìnì ti gbóná, ó ń yí nígbà 3,400 ní ìṣẹ́jú kan, ẹsẹ̀ sì wà lórí iná dáadáa. Ẹ tún un kà. Kò síbi tó ti dárúkọ kọ́ìlì, kò dárúkọ pọ́ǹpù, kò dárúkọ sẹ́ńsọ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnì ló ń sọ, kò sọ ẹni tó ṣe é. Ẹni tó ní ara òun ń gbóná kò tíì sọ pé ibà ló ń ṣe òun. Ó lè jẹ́ eyín tó ti ra.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wo nọ́ńbà bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ṣiṣẹ́

Ibí ni iṣẹ́ wà, ẹ fara balẹ̀.

Ẹ́ńjìnì onípẹtiróòlù ń fẹ́ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 sí ìwọ̀n epo 1. Ẹni tó bá ti tẹ ẹ̀bà rí á mọ ohun tí mò ń sọ: gààrí pọ̀jù, ó le koko, omi pọ̀jù, ó di kókò. Sẹ́ńsọ̀ tó wà lára sàláńsà ló ń tọ́ ẹ̀bà náà wò, kọ̀ǹpútà ló ń bu omi, ìyẹn epo, kún un tàbí tó ń dín in kù. Iye tó ń bù kún un tàbí tó ń dín kù ni wọ́n ń pè ní fuel trim, síkánà yín á sì kọ ọ́ ní ìdá ọgọ́rùn-ún. Oríṣi méjì ló wà: ọ̀kan ń yí ní kíákíá, èkejì ń yí díẹ̀díẹ̀. Ẹ pa méjèèjì pọ̀ fún apá kọ̀ọ̀kan. Bí àpapọ̀ bá wà láàárín -10 sí +10, ẹ jẹ́ kó sùn. Bó bá jẹ́ +20, kọ̀ǹpútà ń bu epo kún epo, ẹ̀bà ṣì le. Bó bá jẹ́ -20, epo ló pọ̀jù: nósù kan, ohun tó ń fín epo sí sìlíńdà, ń jò ni, tàbí pọ́ǹpù ń tì ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí sẹ́ńsọ̀ kan ń sọ ohun tí kò rí.

Ẹ kọ nọ́ńbà yìí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: lórí síló, ní 2,500 tí ẹ dì í mú, àti lójú ọ̀nà nígbà tí ẹ bá tẹ iná. Ẹlòmíràn ni kó máa wakọ̀ o, ẹ̀yin ẹ máa wo fóònù.

Bó bá ga lórí síló, tó wá wálẹ̀ bí ẹ ṣe ń tẹ iná, afẹ́fẹ́ olè ń wọlé lẹ́yìn throttle, ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún afẹ́fẹ́ bí ẹ bá tẹ iná: họ́ọ̀sì kékeré kan ti já, tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ ọ̀nà afẹ́fẹ́ ti sán. Lórí síló, ẹ́ńjìnì ń fa afẹ́fẹ́ díẹ̀, ihò kékeré sì lè bá a pín in. Tí throttle bá ti ṣí gbagada, ohun tí ihò náà ń mú wọlé kò já mọ́ nǹkan mọ́.

Bó bá dára lórí síló, tó wá ń gòkè bí ẹ ṣe ń tẹ iná, nígbà náà ni ká fura sí pọ́ǹpù, fítà epo, sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí, tàbí ihò láàárín sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ àti throttle.

Ẹ tún bi ara yín: ṣé apá méjèèjì ni àbí apá kan? Lórí DE tó ní sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo, bó bá jẹ́ apá méjèèjì, ohun tí àwọn méjèèjì jọ ń pín ló bàjẹ́. Bó bá jẹ́ apá kan, ẹ wo gásíkẹ́ẹ̀tì apá yẹn, ẹ wo bóyá sàláńsà ń jò ṣáájú sẹ́ńsọ̀, ẹ wo sẹ́ńsọ̀ náà fúnra rẹ̀. Lórí HR, apá kan péré lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ apá náà tàbí họ́ọ̀sì rẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ mọ ẹ́ńjìnì yín nìyẹn.

Ọkọ̀ ọkùnrin yẹn, DE ni. Lórí síló, +6 lápá méjèèjì. Ní 2,500, +13. Lójú ọ̀nà tó ti tẹ̀ ẹ́, +21 àti +22. Kọ́ìlì bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, torí kọ́ìlì mẹ́fà kì í fohùn ṣọ̀kan bẹ́ẹ̀. Ó ku afurasí mẹ́ta: epo tí kò tó, sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́, àti ihò ṣáájú throttle.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ mú àwọn afurasí lọ́kọ̀ọ̀kan

Mo fi géèjì sí ọ̀nà epo pẹ̀lú ìsopọ̀ oríta mẹ́ta, mo so géèjì náà mọ́ wáípà níta, kí n lè máa wò ó láti inú ọkọ̀. Ẹ má gbé géèjì epo wọ inú ọkọ̀ láé, ẹ sì jẹ́ kí ohun ìpaná wà nítòsí. DE yẹ kó wà ní nǹkan bíi psi 51 (psi ni a fi ń wọn bí epo tàbí afẹ́fẹ́ ṣe ń tì tó). Ọkùnrin náà tẹ iná dé ìsàlẹ̀, ọkọ̀ lọ́ tìkọ̀, abẹ́rẹ́ géèjì kò mì rárá: 51. Pọ́ǹpù kò lẹ́ṣẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ náà bá ti já wálẹ̀ ni, n kò tún ní sáré ra pọ́ǹpù. Màá wọn fóòtì tó ń dé ẹnu pọ́ǹpù ná, torí rílè tó ti jóná tàbí wáyà tó ti tín-ín-rín lè mú kí pọ́ǹpù tó dára dà bí òkú.

Sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ ló kàn. Òfin àtọwọ́dọ́wọ́ kan wà tí mo máa ń lò: lórí síló, ẹ́ńjìnì tó ti gbóná ń fa nǹkan bíi gíráàmù afẹ́fẹ́ kan ní ìṣẹ́jú àáyá fún lítà kọ̀ọ̀kan. Fún lítà 3.5, ẹ retí bíi 3.5 tàbí kó lé díẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tuntun tí wọ́n rà fi 3.4 hàn. Mo fi sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ tó wà nínú bùútù sí i: 3.4 náà. Nọ́ńbà ojú ọ̀nà kò yí padà. Sẹ́ńsọ̀ méjì kò lè parọ́ kan náà. Ó kéré tán, a rí nǹkan fi páàtì kan nínú bùútù yẹn ṣe.

Ó wá ku ihò. A dí ẹnu ibi tí fítà wà, a ti èéfín wọ inú ọ̀nà afẹ́fẹ́, a sì dúró. Kò pé ìṣẹ́jú méjì, èéfín funfun tín-ín-rín kan yọ jáde lábẹ́ họ́ọ̀sì dúdú tó lọ sí throttle, láàárín ìṣẹ́po rẹ̀ tó rí bíi ti dùùrù àfọwọ́fà. Tí èèyàn bá dúró lókè, kò lè rí i. Mo fi ọwọ́ tẹ họ́ọ̀sì náà síwájú, bí ẹ́ńjìnì ṣe máa ń tẹ̀ síwájú nígbà tí wọ́n bá tẹ iná, ojú ibi tó ti ya sì là bí ẹnu ẹja. Tí ẹ́ńjìnì bá dúró jẹ́jẹ́, ó pa dé. Tí wọ́n bá tẹ iná, ó là, afẹ́fẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ kò kà wọlé lọ rẹpẹtẹ.

Ẹni tó pààrọ̀ fítà ló fà á tagbáratagbára. Ọkùnrin náà wo họ́ọ̀sì, ó wo bùútù rẹ̀, ó jókòó sórí táyà.

Bí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ èéfín, ẹ ṣe bíi fọkanáísà: ẹ ti afẹ́fẹ́ kékeré wọlé, kó má ju psi 2 lọ, kí ẹ fi fọ́ọ̀mù ọṣẹ pa ara họ́ọ̀sì, ibi tó bá ń hó ni. Ẹ má jẹ́ kí omi dé ẹnu wáyà. Àwọn kan máa ń fín karóbù kílínà sára ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́ láti fi wá ihò. Ó máa ń ṣiṣẹ́, ó sì ti jó bọ́nẹ́ẹ̀tì àwọn kan.

Bó bá jẹ́ sìlíńdà kan ló ń mísì

Mísì ni kí sìlíńdà má tan epo tó wà nínú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Kóòdù á jẹ́ P0301 dé P0306, nọ́ńbà ìgbẹ̀yìn ni sìlíńdà. Ká ní P0302 ni. Ẹ má ra kọ́ìlì. Ẹ yọ kọ́ìlì 2, ẹ gbé e sórí 4, ẹ gbé ti 4 sórí 2, kí ẹ wakọ̀ náà. Bí kóòdù bá di P0304, kọ́ìlì lẹ́bi, ẹ ò sì náwó láti mọ̀ ọ́n. Bó bá dúró lórí 2, ẹ ṣe bákan náà pẹ̀lú pọ́lọ́ọ̀gì. Bó bá ṣì dúró, ẹ gbé ojú sukurudíráfà gígùn lé nósù, ẹ fi etí sí ìdí rẹ̀: ó yẹ kó máa dún "tíkí-tíkí-tíkí" bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá dákẹ́, ẹ wo iná tó ń bọ̀ wá bá a kí ẹ tó dá nósù lẹ́bi.

Ohun kan wà tó wọ́pọ̀ lórí DE. Nígbà tí ẹ bá fa kọ́ìlì yọ, ẹ wo rọ́bà ìdí rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ti rin ín, róbà tó yí ihò pọ́lọ́ọ̀gì ká nínú ìdérí òkè ẹ́ńjìnì ti kú, ọ́ìlì ń jò sínú ihò náà. Kọ́ìlì tuntun tí ẹ bá fi sínú ọ́ìlì á tún mísì kó tó pẹ́.

Kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n, nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀

Bátìrì gbọ́dọ̀ yó. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ yọ fíúsì pọ́ǹpù epo, ẹ fa ẹnu wáyà kọ́ìlì. Ẹnì kan á tẹ iná dé ìsàlẹ̀, á sì sítáàtì bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí lẹ́ẹ̀mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, iye kan náà fún gbogbo wọn. Lórí VQ35DE, psi 185 ni Nissan kọ gẹ́gẹ́ bí èyí tó dára, 142 ni ìsàlẹ̀ pátápátá, ìyàtọ̀ láàárín sìlíńdà méjì kò sì gbọdọ̀ ju 14 lọ. Ìyàtọ̀ yẹn ni kí ẹ wò jù. Mẹ́fà tó jẹ́ 165 gbogbo wọn sàn ju márùn-ún tó jẹ́ 180 àti ọ̀kan tó jẹ́ 120.

Fún èyí tó rẹlẹ̀, ẹ da ṣíbí ọ́ìlì kékeré kan sínú rẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá gòkè, ríǹgì písítìnì ni. Bí kò bá gòkè, fáàfù tàbí top gasket, gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ orí ẹ́ńjìnì, ni. Láti mọ èyí tó jẹ́, ẹ gbé písítìnì rẹ̀ dé òkè níbi tí gbogbo fáàfù rẹ̀ ti pa dé, ẹ fi afẹ́fẹ́ kọ̀mpírẹ́sọ̀ wọlé láti ihò pọ́lọ́ọ̀gì, kí ẹ wá máa tẹ́tí. "Ṣìììì" lẹ́nu throttle: fáàfù ìwọlé. Ní sàláńsà: fáàfù ìjáde. Níbi tí a ti ń da ọ́ìlì: ríǹgì. Bí omi rédíétọ̀ bá ń hó: top gasket. Ìgbà yìí ni ẹ tó lè sọ̀rọ̀ nípa títú ẹ́ńjìnì.

Fún àwọn oní-HR, ẹ máa wo géèjì ọ́ìlì láàárín dáṣíbọ́ọ̀dù. Gásíkẹ́ẹ̀tì kékeré kan wà nínú ẹ́ńjìnì yẹn, lójú ọ̀nà ọ́ìlì, tó gbajúmọ̀ fún sísán. Bí abẹ́rẹ́ bá ń rẹlẹ̀ lórí síló tí ẹ́ńjìnì gbóná ju bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀, ẹ má wà á mọ́ títí ẹ ó fi fi géèjì gidi wọ̀n ọ́n.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe é

Ẹ pa kóòdù rẹ́ báyìí, kì í ṣe ṣáájú. Ẹ wakọ̀ náà láti ìgbà tó tutù dé ìgbà tó gbóná, nínú gosíló àti lójú ọ̀nà márosẹ̀, kí ẹ wá tún ka nọ́ńbà mẹ́ta yẹn. Ẹ wo pending, ibi tí kóòdù tí kò tíì tan iná máa ń sá pamọ́ sí.

Họ́ọ̀sì tuntun mú nọ́ńbà ọkọ̀ ọkùnrin yẹn wálẹ̀ sí +2 lápá ọ̀tún, +3 lápá òsì, ó sì gbéra lórí Long Bridge bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n pending ní P0305 nínú. A gbé kọ́ìlì 5 sórí 3, kóòdù náà tẹ̀ lé e lọ. Ọ̀kan nínú kọ́ìlì tuntun tí wọ́n rà fún un ni. A lọ sínú bùútù, a mú èyí tí wọ́n ti kọ́kọ́ yọ jù síbẹ̀, a fi sí i, ó sì ń bá a lọ títí di òní.